Ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Tolúlọpẹ́ Arótilé mọ̀ ọ́n ṣe

Lọ́dọọdún, bí oṣù Keje bá ti wọlé, orúkọ Tolúlọpẹ́ Arótilé, obìnrin àkọ́kọ́ tó wa hẹlikópítà ogun ní Nàìjíríà, a tún máa jà ràn-ìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó ṣe kú nígbà tí mọ́tò gbá a ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ. Ta ló wa mọ́tò? Ta ló wà níbẹ̀? Àbí ẹnì kan ló rán wọn? Láti ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2020 ni ọ̀rọ̀ ikú yẹn ti gba gbogbo ẹnu, tí iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe kò fi ráyè jókòó láàárín wa. Ó dunni. Iṣẹ́ tó le láti kọ́, tó tún le láti ṣe lójoojúmọ́, ni ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún yìí ti mọ̀ dójú àmì. Ẹni tó bá fẹ́ rántí rẹ̀ tọkàntọkàn, ó yẹ kó mọ ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe nínú hẹlikópítà.

Ọmọ Òkun ni, ará Iffe ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogi, ṣùgbọ́n Kaduna ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1995. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun òfurufú náà ló ti kàwé: iléẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn ní Kaduna, lẹ́yìn náà iléẹ̀kọ́ girama wọn, tó parí ní 2011. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012 ló wọ NDA, iléẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun Nàìjíríà, ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní 64 Regular Course. Ìmọ̀ ìṣirò ló fi gboyè, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nítorí ọ̀rọ̀ á padà kàn án níwájú. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 wọ́n sọ ọ́ di ọ̀gá ológun, pẹ̀lú ipò Pilot Officer. Orúkọ ipò yẹn máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹni tó ń ṣírò owó ní iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú, Pilot Officer lòun náà máa kọ́kọ́ jẹ́. Kò tíì túmọ̀ sí pé ẹni náà lè gbé ohunkóhun kúrò nílẹ̀.

Wíwa ọkọ̀ gan-an, South Africa ló ti kọ́ ọ, ní iléẹ̀kọ́ Starlite. Ó gba ìwé àṣẹ awakọ̀ òfurufú tó lè fi ṣiṣẹ́ gbowó, èyí tí òfin àgbáyé ní kí ẹni tó ń wa hẹlikópítà fò tó wákàtí 150 kó tó lè gbà á, tàbí 100 bó bá jẹ́ iléẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ló ti kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀kọ́ fífò ogun lórí hẹlikópítà Agusta 109 Power, ní South Africa àti ní Ítálì. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ni wọ́n kan ìyẹ́, àmì ẹni tó ti di awakọ̀ òfurufú ológun, mọ́ ọn láyà ní Abuja.

Ẹ jẹ́ ká wá jókòó sórí àga rẹ̀.

Nínú hẹlikópítà, ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀gá awakọ̀ sábà máa ń jókòó sí, kì í ṣe ọwọ́ òsì bíi ti bàálù. Láàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì ni ọ̀pá kan ti yọ sókè, cyclic ni wọ́n ń pè é, ọwọ́ ọ̀tún ló ni ín. Ibi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sí ni abẹ̀bẹ̀ ńlá tó wà lórí ọkọ̀ máa dagun sí, ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ máa forí lé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, lápá òsì, níbi tí bíréèkì ọwọ́ máa ń wà nínú mọ́tò, ni ọ̀pá kejì wà: collective. Bí wọ́n bá fà á sókè, gbogbo apá abẹ̀bẹ̀ á jọ yíjú láti gbá afẹ́fẹ́ sí i, ọkọ̀ á gòkè. Bí wọ́n bá rì í wálẹ̀, ọkọ̀ á sọ̀. Pẹ́dàlì méjì wà lábẹ́ ẹsẹ̀, tiwọn ni abẹ̀bẹ̀ kékeré tó wà ní ìdí ọkọ̀.

Abẹ̀bẹ̀ ìdí yẹn ló ń dá ọkọ̀ dúró. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yí abẹ̀bẹ̀ ńlá sí apá kan, bẹ́ẹ̀ ni ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń fẹ́ yí sí òdìkejì. Abẹ̀bẹ̀ ìdí ló ń tì í padà. Níbẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí kò sí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí tó ṣeé fọwọ́ kàn láìkan àwọn yòókù. Ó fa collective sókè díẹ̀ kó lè gòkè: agbára ẹ́ńjìnnì pọ̀ sí i, imú ọkọ̀ yà. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì kí imú lè padà: abẹ̀bẹ̀ ìdí ti gbogbo ọkọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi cyclic mú un padà: agbára tó ń gbé e sókè dín kù díẹ̀, ọkọ̀ fẹ́ sọ̀. Ó tún fa collective. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ló sì kọjá.

Nítorí ìyẹn, olùkọ́ kì í fún akẹ́kọ̀ọ́ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ fún un ní pẹ́dàlì nìkan, kó máa fi imú ọkọ̀ wo igi kan lọ́ọ̀ọ́kán. Lẹ́yìn náà collective nìkan. Lẹ́yìn náà cyclic nìkan, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń làágùn. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Á pẹ́ díẹ̀, tíńtín. Akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé kò gbọ́, á tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Ìgbà yẹn ni ti àkọ́kọ́ á ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ti kejì á sì bá a lójú ọ̀nà. Á fa ọ̀pá padà pẹ̀lú ipá, ọkọ̀ á wá máa fì bí ẹni tó mu ẹmu yó, síwá sẹ́yìn lórí pápá. Ohun tó ń wò ó sàn kò pọ̀: kó gbé apá lé itan, kó jẹ́ pé ìka nìkan ló ń ṣiṣẹ́, kó wo ọ̀nà jíjìn, kó má wo koríko tó wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, kó tì í, kó sì dúró gbọ́ èsì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ná wákàtí márùn-ún sí mẹ́wàá kí wọ́n tó lè mú un dúró sójú kan lókè ilẹ̀. Ọjọ́ tó bá dúró, kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé bí ọwọ́ òun ṣe mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ti mọ̀ ọ́n ni.

Èyí tí wọ́n tún ń kọ́ lákọ̀ọ́túnkọ́ ni bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú lókè. Hẹlikópítà kì í já bọ́ bí òkúta tí ẹ́ńjìnnì bá kú, bí awakọ̀ bá tètè ṣe ohun tó yẹ. Lójú ẹsẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ri collective mọ́lẹ̀ pátápátá, kí apá abẹ̀bẹ̀ lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ọkọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa gba ìsàlẹ̀ wá sókè, á sì máa yí abẹ̀bẹ̀ náà bí atẹ́gùn ṣe ń yí ìràwé. Nínú àwọn hẹlikópítà kéékèèké alága méjì tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ́ṣẹ́, apá abẹ̀bẹ̀ wọn fúyẹ́, àyè tó wà fún rírì yẹn kò ju bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Bó bá pẹ́ jù, abẹ̀bẹ̀ á rọ̀, á sì ká sókè bí agbòòrùn tí ìjì gbé. Kò sí àtúnṣe fún ìyẹn mọ́.

Bó bá tètè rì í, iṣẹ́ kan ṣì kù nísàlẹ̀. Nígbà tó bá ku bí ẹsẹ̀ bàtà 40 tàbí 50, á gbé imú ọkọ̀ sókè kí eré lè dín kù. Á tún mú un tẹ́jú. Lẹ́yìn náà ló máa fa collective, kí agbára tó ṣẹ́kù nínú yíyí abẹ̀bẹ̀ lè gbà á lọ́wọ́ ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni agbára yẹn wà. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà, tó fà á nígbà tó ṣì ku ẹsẹ̀ bàtà 20, ti ná an tán lókè. Ìyókù, ọkọ̀ á já bọ́ gẹ́gẹ́ bí ìwúwo rẹ̀ ṣe tó.

Agusta 109 Power tó wá fi ṣiṣẹ́ ju ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ lọ jìnnà. Ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, apá mẹ́rin ló wà lára abẹ̀bẹ̀ ńlá rẹ̀, fífẹ̀ abẹ̀bẹ̀ náà láti etí dé etí jẹ́ mítà 11, ìwúwo tó sì lè gbé kúrò nílẹ̀, tòun ti ara rẹ̀, jẹ́ kìlógíráàmù 2,850. Táyà rẹ̀ máa ń ká wọnú, tó fi jẹ́ pé kí ọkọ̀ tó balẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ rántí yọ wọ́n síta. Ẹ́ńjìnnì méjì ń fini lọ́kàn balẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ gbogbo nǹkan di méjì: abẹ̀bẹ̀ ìdí ṣì jẹ́ ọ̀kan, àpótí gíà ńlá tó ń gbé agbára lọ sókè ṣì jẹ́ ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò kó tó fò kò fi ṣeé sáré ṣe. Wọ́n á yí ọkọ̀ ká, wọ́n á fọwọ́ kan apá abẹ̀bẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá ó sán, wọ́n á wo ojú òróró gíà, wọ́n á ro epo díẹ̀ sínú ìgò láti wò bóyá omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì rí i pé kò sí aṣọ ìbora kankan tó ṣì dí ẹnu ẹ́ńjìnnì.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2020, nígbà tí wọ́n kó àwọn hẹlikópítà tuntun náà jáde ní Eagle Square ní Abuja, òun ni wọ́n ní kó ṣàlàyé Agusta 109 Power fún Ààrẹ Muhammadu Buhari. Ayẹyẹ ni àwọn tó wo fọ́tò rí. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Wọn kì í ní kí ẹni tí kò mọ inú ọkọ̀ wá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níwájú ọ̀gá àgbà àwọn ológun.

Enugu ni ẹ̀ka tirẹ̀ wà, 405 Helicopter Combat Training Group, ṣùgbọ́n Minna ni wọ́n gbé e lọ fún ogun, sínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Gama Aiki, tó túmọ̀ sí "parí iṣẹ́" lédè Haúsá. Àwọn agbébọn inú igbó ìpínlẹ̀ Niger àti àyíká rẹ̀ ni wọ́n ń bá jà. Ìṣirò tó kà ní NDA wúlò níbẹ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ, nítorí ọ̀tá kìíní hẹlikópítà ní Àríwá ni ooru.

Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́. Abẹ̀bẹ̀ ń gbá a, kò rí nǹkan tẹ̀ mọ́. Ẹ mú Kaduna, tó ga ní bí ẹsẹ̀ bàtà 2,070 sí ìpele òkun. Òǹkà àwọn awakọ̀ òfurufú gbà pé ní irú ibi gíga bẹ́ẹ̀, ooru yẹ kó wà ní dígírì 11. Bó bá wá jẹ́ 36 ní ọ̀sán oṣù Kẹrin, ìyàtọ̀ jẹ́ 25. Fún dígírì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ẹsẹ̀ bàtà 120 kún un: 25 lọ́nà 120 jẹ́ 3,000. Ẹ rò ó mọ́ 2,070, ó ti lé ní 5,000. Ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀, táyà rẹ̀ ṣì wà lórí kọnkéré, ṣùgbọ́n lójú abẹ̀bẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì, ó ti wà lórí òkè ńlá. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ yan èyí tó máa fi sílẹ̀: epo ni, ọta ni, àbí èèyàn. Bó bá gbé gbogbo rẹ̀, ó lè gbéra níbi pápá tó gbòòrò, níbi tó ti lè sáré síwájú díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tuntun gbà á. Bó bá wá di pé kó gbéra nínú igbó, láàárín igi, níbi tó jẹ́ òkè ṣánṣán nìkan ló lè lọ, agbára kò ní tó.

Eruku tún wà. Bí abẹ̀bẹ̀ bá súnmọ́ ilẹ̀ gbígbẹ, á fẹ́ eruku sókè títí tí kò fi ní sí ohun tí ojú lè rí. Awakọ̀ á rò pé òun dúró sójú kan, ọkọ̀ sì ń yọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Táyà ẹ̀gbẹ́ kan á kan ilẹ̀, ọkọ̀ á gbókìtì. Wọ́n á kọ́ wọn kí wọ́n mú àmì kan, òkúta tàbí igbó kékeré, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó kúrò lójú wọn, kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró lókè. Bí àmì bá pòórá, kí wọ́n fa agbára, kí wọ́n tún yí i ká. Èyí le láti ṣe nígbà tí àwọn ọmọ ogun bá ń dúró dè ọ́ nísàlẹ̀, tí ọta ń fò.

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ṣánṣán jù láìní eré síwájú, tó ju ẹsẹ̀ bàtà 300 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ó lè bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tí abẹ̀bẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ti dà rú. Ọkọ̀ á máa gbọ̀n, á sì máa rì. Ọwọ́ òsì á fẹ́ fa collective, ohun tí ẹ̀dá mọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ńṣe ni ìyẹn á tún mú un rì sí i. Cyclic ni kó tì síwájú, kó sáré jáde sínú afẹ́fẹ́ tó mọ́. Ó sì gbọ́dọ̀ ní àyè nísàlẹ̀ tó máa fi ṣe é. Wáyà iná tún wà, tí ojú kì í rí. Òpó ni wọ́n ń wò, orí òpó ni wọ́n sì ń gbà kọjá.

Gbogbo èyí kì í ṣe àròsọ ní agbègbè yẹn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tirẹ̀, hẹlikópítà Mi-171 kan tó lọ gbé àwọn ọmọ ogun tó kú àti àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ Niger, tó gbéra ní Zungeru tó ń lọ sí Kaduna, já lulẹ̀ nítòsí abúlé Chukuba ní Shiroro. Irú ojú ọ̀run tí Tolúlọpẹ́ ń fò nìyẹn.

Ohun kan wà tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn tí mo bá rántí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ súnmọ́ hẹlikópítà, ìbáà ṣe awakọ̀ tàbí ẹni tó ń ta epo sí i, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni. Abẹ̀bẹ̀ ìdí ń yí débi pé ojú kò rí i mọ́. Awakọ̀ kò rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Nítorí náà, iwájú ni kó o gbà wá, níbi tí ojú rẹ̀ ti lè bá tìẹ pàdé, kó o dúró títí tó fi máa na àtàǹpàkò sókè. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣí fìlà, mú un dání. Ohun gígùn tó o bá gbé, dì í mú ní ìbú, má gbé e lé èjìká. Bí ilẹ̀ bá dagun, ìsàlẹ̀ ni kó o ti wá, nítorí abẹ̀bẹ̀ ńlá súnmọ́ ilẹ̀ lápá òkè. Ẹ̀yìn? Má débẹ̀ láé. Awakọ̀ náà kò sì gbọ́dọ̀ gbé ìdí ọkọ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì wò. Bó bá ní ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ẹni yẹn á sọ pé ẹ̀yìn mọ́ kó tó yí. Bó bá dá wà, á yí gbogbo ọkọ̀ wò ó fúnra rẹ̀ ná.

Ìtàn tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú sọ lẹ́yìn ìwádìí wọn kò gùn. Ó ń fẹsẹ̀ rìn nínú bárékè wọn ní Kaduna. Mọ́tò tó gbé àwọn tí wọ́n jọ lọ sí iléẹ̀kọ́ girama kọjá lára rẹ̀. Wọ́n dá a mọ̀, inú wọn dùn, ẹni tó ń wa mọ́tò sì fi rìfáàsì padà láti wá kí i. Ẹ̀yìn ni ọkọ̀ náà ti gbá a, ó ṣubú, orí rẹ̀ kan ilẹ̀.

Mọ́tò tó ń rìfáàsì ní kìlómítà 15 ní wákàtí kan ń gba mítà mẹ́rin lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kì í fi ẹni tó wà ní àárín ẹ̀yìn ọkọ̀ hàn. Orí tó ti ibi gíga mítà kan àti àbọ̀ ṣubú lulẹ̀ láìsí ọwọ́ tó gbà á, nǹkan bíi kìlómítà 20 ní wákàtí kan ni eré rẹ̀ á jẹ́ nígbà tó bá kan kọnkéré. Nínú hẹlikópítà, akoto líle wà lórí rẹ̀. Lójú ọ̀nà ilé, kò sí akoto. Láàárín àwọn ológun kan náà, bí ọkọ̀ akẹ́rù bá fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kó dúró níbi tí awakọ̀ ti lè rí i nínú gíláàsì; bó bá ti kúrò nínú gíláàsì, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró. Mọ́tò ayọ̀ kì í rántí èyí. Ọ̀pọ̀ wa ló ti rìfáàsì bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ tí a rí lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n tún àwọn ohun tí wọ́n ń kọ ní àkọtì nípa rẹ̀ ṣe. Kò já lulẹ̀ nínú hẹlikópítà. Òun kọ́ ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wakọ̀ òfurufú: ti ọkọ̀ akérò, Chinyere Kalu ti wà ṣáájú kí wọ́n tó bí i, nínú iṣẹ́ ológun, Blessing Liman ti gba ìyẹ́ ní 2012. Ní ọjọ́ tí Tolúlọpẹ́ gba tirẹ̀ náà ni Kafayat Sanni di obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa bàálù ìjà. Ti Tolúlọpẹ́ ni hẹlikópítà ogun, obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà nídìí rẹ̀, kò sì sí ìdí láti fi nǹkan mìíràn kún un. Kì í ṣe ẹni ọdún 25. Ó ku oṣù márùn-ún. Flying Officer ni ipò rẹ̀ nígbà tó kú.

Ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 2020 ni wọ́n sin ín sí ibojì àwọn ológun ní Abuja, pẹ̀lú ẹ̀yẹ ológun. Láti ọjọ́ tí wọ́n kan ìyẹ́ mọ́ ọn láyà títí di ọjọ́ tó kú jẹ́ ọjọ́ 273. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ló ṣàlàyé ọkọ̀ rẹ̀ fún Ààrẹ, tó sì gbé e lọ sókè igbó Niger nínú ooru àti eruku, tó ń gbé e padà wá.